Kíbọ́ọ̀dù kú, díìsìkì sọnù: bí Windows 7 ṣe wọ kọ̀ǹpútà tòkúnbọ̀ kan ní Tanke, Ìlọrin

Ilé ìtẹ̀wé kékeré kan ní Tanke, lójú ọ̀nà tó lọ sí Yunifásítì Ìlọrin, ló ni kọ̀ǹpútà tí àkọsílẹ̀ yìí dá lé. Sítíkà ara ọkọ̀, orúkọ ara gíláàsì àti nọ́ńbà ẹ̀yìn jẹ́sì ni wọ́n ń gé níbẹ̀. Plotter tí wọ́n fi ń gé e ti dàgbà, ṣùgbọ́n ọ̀bẹ rẹ̀ ṣì mú, mọ́tò inú rẹ̀ kò sì tíì yọnu. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ tó ń darí rẹ̀ ló kú. Wọ́n wá ra tòkúnbọ̀ mìíràn lójú ọ̀nà Taiwo: Intel Core i5-6500, mọ́dàbọ́ọ̀dù H110, RAM 8 GB, SSD SATA 256 GB, Windows 10 64-bit lórí rẹ̀. Ẹ̀rọ tó dáa ni. Ohun kan ṣoṣo tí kò lè ṣe ni ohun tí wọ́n torí rẹ̀ rà á: kò lè darí plotter.

Dọ́ńgù, ìyẹn kọ́kọ́rọ́ kékeré tí a ń kì bọ ihò USB kí ètò kan tó lè ṣí, ló fà á. Ètò agésítíkà náà kì í ṣí àfi bí dọ́ńgù USB rẹ̀ bá wà lára kọ̀ǹpútà, dráífà dọ́ńgù yìí, ìyẹn ètò tó ń jẹ́ kí Windows bá a sọ̀rọ̀, sì jẹ́ 32-bit nìkan. Windows 64-bit lè ṣí ètò 32-bit lásán láìsí wàhálà, ṣùgbọ́n kò ní gba dráífà 32-bit wọlé láéláé, torí pé inú kẹ́nẹ̀lì, ìyẹn ọkàn Windows, ni dráífà ń gbé, ibẹ̀ kò sì gba àdàlù. Ẹni tó bá ń tẹ "compatibility mode" kiri fún irú èyí ń fi àkókò rẹ̀ ṣòfò ni.

Kí ẹnikẹ́ni tó gbé Windows 7 sórí ẹ̀rọ irú èyí, ó yẹ kó kọ́kọ́ gbé àwọn ọ̀nà tó rọrùn wò, torí iṣẹ́ ńlá ni. Wọ́n dán Windows 10 32-bit wò: dráífà dọ́ńgù wọlé, àmọ́ Code 10 ló gbé jáde, ìyẹn ni pé dráífà wà níbẹ̀ ṣùgbọ́n kò lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Wọ́n dán VirtualBox, ètò tó ń dá kọ̀ǹpútà àfarawé sílẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà, wò: ètò náà mọ̀ pé inú ẹ̀rọ àfarawé lòun wà, ó sì kọ̀ láti ṣí. Bí tiyín bá gbà láti ṣiṣẹ́ nínú VirtualBox, ẹ dúró síbẹ̀, ẹ má wulẹ̀ ka ìyókù. Tiwọn kò gbà. Àwo Windows 7 Professional SP1 32-bit pẹ̀lú kọ́ọ̀dù rẹ̀ sì wà nílẹ̀, wọ́n ti rà á tipẹ́. Ọ̀nà tó kù nìyẹn.

Kíbọ́ọ̀dù tó kú

Kò sí ihò àwo lára tòkúnbọ̀ náà, nítorí náà orí fláàṣì ni wọ́n gbé Windows 7 sí. Fláàṣì náà bẹ̀rẹ̀, àmì Windows yọ, ojú ibi tí a ti ń yan èdè dé. Ibẹ̀ ni gbogbo nǹkan dúró. Máòsì kò rìn, kíbọ́ọ̀dù kò dáhùn, iná NumLock kò tàn. Wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú ihò aláwọ̀ búlúù, wọ́n fi sínú ihò dúdú. Pàbó.

Gbígbé e lọ sínú ihò dúdú yìí kì í ṣe àṣìṣe lásán. Ohun tó máa ń ṣiṣẹ́ lórí àwọn ẹ̀rọ tó ṣáájú ni. Títí dé ìran kẹrin Intel, olùdarí USB méjì ló máa ń wà lára mọ́dàbọ́ọ̀dù: EHCI tó ń bójú tó USB 2.0, àti xHCI tó ń bójú tó USB 3.0. Windows 7 ti ní dráífà EHCI nínú láti ilé. Nígbà tí Intel gbé ìran kẹfà jáde lọ́dún 2015, pẹ̀lú àwọn chipset (àkójọ ẹ̀rọ tó ń darí mọ́dàbọ́ọ̀dù) 100-series tí H110 jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, wọ́n yọ EHCI kúrò pátápátá. Láti ìgbà náà, ihò dúdú àti ihò búlúù, xHCI kan náà ló wà lẹ́yìn gbogbo wọn. Oṣù kẹwàá ọdún 2009 ni Windows 7 jáde, kò sì mọ xHCI rárá. BIOS, ètò tó ń jí kọ̀ǹpútà kí Windows tó bẹ̀rẹ̀, mọ̀ ọ́n, ìdí nìyẹn tí fláàṣì fi lè bẹ̀rẹ̀ tí kíbọ́ọ̀dù sì ń ṣiṣẹ́ nínú BIOS. Ṣùgbọ́n ní kété tí Windows bá gba ìdarí lọ́wọ́ BIOS, ohun gbogbo tó wà lórí USB kú lẹ́ẹ̀kan náà. Kíbọ́ọ̀dù kò bàjẹ́, ihò kò bàjẹ́.

Ihò PS/2 kan wà lẹ́yìn ẹ̀rọ yìí, ìdajì rẹ̀ àwọ̀ àlùkò, ìdajì rẹ̀ àwọ̀ ewé. Kíbọ́ọ̀dù PS/2 kò gba ọ̀dọ̀ USB kọjá, Windows 7 sì mọ̀ ọ́n dáadáa. Ẹ pa ẹ̀rọ kí ẹ tó kì í bọ̀ ọ́; PS/2 kì í ṣe ohun tí a ń yọ tí a ń kì nígbà tí iná wà lára rẹ̀. Láìsí máòsì, Tab, bọ́tìnnì àmì ọfà àti Enter ló ń gbé ènìyàn kiri, wọ́n sì tó.

Pẹ̀lú kíbọ́ọ̀dù PS/2, wọ́n kọjá ojú ibi èdè, wọ́n tẹ Install now, ọ̀rọ̀ yìí sì yọ: "A required CD/DVD drive device driver is missing." Gbólóhùn yìí ti ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà. Wọ́n á máa wá dráífà CD lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n á ra àwo mìíràn, wọ́n á tún fláàṣì ṣe. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ: kò sí dráífà CD kankan tó sọnù. Ohun tí Windows ń wí ni pé ibi tí òun ti wá, ìyẹn fláàṣì, òun kò rí i mọ́.

Ẹ̀rí rẹ̀ kò le. Lójú ibẹ̀ gan-an, ẹ tẹ Shift+F10, fèrèsé dúdú á ṣí. Ẹ kọ:

diskpart
list volume
list disk

Bí fláàṣì kò bá sí nínú list volume, ọ̀rọ̀ USB ni, kò sí àní-àní. Lórí ẹ̀rọ yìí, kò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n list disk tún sọ ohun kejì tí ẹnikẹ́ni kò tíì béèrè: "There are no fixed disks to show." SSD 256 GB náà kò sí níbẹ̀ pẹ̀lú. Ìṣòro méjì ló wà, ọ̀kan ń bo èkejì mọ́lẹ̀. Ká ní wọ́n tún ti USB ṣe nìkan ni, iwájú díẹ̀ ni wọn ì bá tún ti dúró, wọn ì bá sì rò pé iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni kò dára. Nítorí náà, ẹ máa ṣe list disk pọ̀ mọ́ list volume nígbà gbogbo.

Ohun tó wà nínú BIOS

Díìsìkì tó sọnù kò nílò dráífà. Àwọn tòkúnbọ̀ tó ti ọ́fíìsì wá sábà máa ń wà lórí RAID, ìlànà tó ń so díìsìkì púpọ̀ pọ̀ ṣiṣẹ́, nínú BIOS, bó tilẹ̀ jẹ́ pé díìsìkì kan ṣoṣo ló wà nínú wọn. Windows 7 kò ní dráífà RAID ti Intel ìran kẹfà nínú, ṣùgbọ́n ó ní dráífà msahci tó ń bá AHCI, ìlànà SATA lásán, ṣiṣẹ́. Wọ́n yí SATA Operation kúrò ní RAID sí AHCI, SSD sì yọ lójú ẹsẹ̀. Ohun méjì ni kí ẹ ṣọ́ra fún níhìn-ín. Àkọ́kọ́, Windows tó wà lórí díìsìkì náà tẹ́lẹ̀ lè má ṣí mọ́ lẹ́yìn ìyípadà yìí, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ kó fáìlì tí ẹ nílò kúrò. Èkejì, ẹ yí i kí ẹ tó gbé Windows 7 wọlé, ẹ má sì fọwọ́ kàn án mọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá dá a padà sí RAID lọ́jọ́ iwájú, ojú búlúù pẹ̀lú 0x0000007B ló máa rí, torí Windows kò ní rí díìsìkì tó yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀.

Èyí tó kù nínú BIOS: wọ́n pa Secure Boot, ààbò tó ń yẹ ètò ìbẹ̀rẹ̀ wò, torí Windows 7 kò mọ̀ ọ́n. Wọ́n tan Legacy, ọ̀nà ìbẹ̀rẹ̀ àtijọ́, tí àwọn BIOS mìíràn ń pè ní CSM. Lórí 32-bit, dandan ni èyí; Windows 7 32-bit kì í bẹ̀rẹ̀ láti UEFI, ọ̀nà ìbẹ̀rẹ̀ tuntun, rárá. Ẹni tó bá ń gbé 64-bit wọlé lè lo UEFI, síbẹ̀ bí CSM bá wà ní pípa, ó lè dúró lójú "Starting Windows" kó má kúrò níbẹ̀ mọ́, torí Windows 7 ń retí iṣẹ́ VGA àtijọ́ tí CSM nìkan ń pèsè.

Bí ihò àwo SATA bá wà lára tiyín, pẹ̀lú kíbọ́ọ̀dù PS/2, ẹ ò nílò ìpín tó kàn yìí: ẹ gbé Windows wọlé láti orí àwo bó ṣe rí, kí ẹ sì fi dráífà USB sórí àwo kejì. SATA ni àwo ń gbà, kò bá xHCI pàdé. Ọ̀nà yẹn ló yá jù.

Fífi dráífà sínú fláàṣì

Orí kọ̀ǹpútà Windows 10 mìíràn ni iṣẹ́ yìí ti wáyé. Ohun èlò rẹ̀: fláàṣì 8 GB, gbogbo ohun tó wà lórí àwo Windows 7 tí a dà sínú C:\w7, fọ́dà òfìfo C:\mount lórí díìsìkì NTFS, àti dráífà Intel USB 3.0 eXtensible Host Controller fún 100-series. Nínú dráífà tí ẹ bá tú, ẹ wá fọ́dà Win7, kí ẹ sì mú x86 tó wà nínú rẹ̀. X64 kò wúlò fún Windows 32-bit. Fáìlì tí ẹ ń wá ni iusb3xhc.inf àti iusb3hub.inf pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn. Ẹ kó wọn sí C:\usb3. Fáìlì .exe tó ń gbé dráífà wọlé fúnra rẹ̀ kò wúlò níhìn-ín, àwọn .inf àti .sys tó wà nínú rẹ̀ ni a nílò.

Ohun tó kọ́kọ́ ń dá ènìyàn dúró ni àṣìṣe 0xc1510111, pé ẹ kò ní àṣẹ láti tún fáìlì náà ṣe. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ administrator. Fáìlì tó wá láti orí àwo ń gbé àmì kà-má-yí-i lọ́wọ́ ni. Ẹ kọ́kọ́ mú un kúrò:

attrib -r C:\w7\sources\*.wim

Lẹ́yìn náà, nínú fèrèsé dúdú tí ẹ ṣí gẹ́gẹ́ bí administrator, ẹ lo dism, ohun èlò Windows tó ń ṣí fáìlì wim (àpò tí Windows wà nínú rẹ̀) láti tún un ṣe:

dism /Mount-Wim /WimFile:C:\w7\sources\boot.wim /Index:2 /MountDir:C:\mount
dism /Image:C:\mount /Add-Driver /Driver:C:\usb3 /Recurse
dism /Unmount-Wim /MountDir:C:\mount /Commit

Index 2 nínú boot.wim ni ojú ìgbéwọlé tí a ń rí. Index 1 ni Windows PE lásán. Ẹ ṣe é fún méjèèjì, kò gba àkókò púpọ̀. Bí ẹ bá ṣe é fún 1 nìkan, inú ojú ìgbéwọlé kò ní rí dráífà, ẹ ó sì máa rò pé dráífà ni kò dára.

Boot.wim nìkan kò tó. Òun ló ń gbé yín kọjá ìgbéwọlé, ṣùgbọ́n Windows tó máa wà lórí díìsìkì, inú install.wim ló ti ń jáde. Bí dráífà kò bá sí nínú rẹ̀, ìgbéwọlé á parí dáadáa, ẹ̀rọ á tún ara rẹ̀ tàn, kíbọ́ọ̀dù USB á sì tún kú lójú ibi tí a ti ń kọ orúkọ. Ẹ wo nọ́ńbà ẹ̀dà tí ẹ fẹ́ lo:

dism /Get-WimInfo /WimFile:C:\w7\sources\install.wim

Lórí àwo 32-bit yìí, Professional ni nọ́ńbà 4. Ẹ fi Mount-Wim gbé e sókè pẹ̀lú Index:4, kí ẹ fi dráífà kan náà kún un. Kí ẹ tó ti í, iṣẹ́ kan kù tí ọ̀pọ̀ ń gbàgbé. Nínú C:\mount\Windows\System32\Recovery, winre.wim wà níbẹ̀. Òun ni ibi àtúnṣe tó ń ṣí nígbà tí Windows bá kọ̀ láti bẹ̀rẹ̀, òun náà kò sì mọ xHCI. Ẹ yọ àmì ìpamọ́ ara rẹ̀ pẹ̀lú attrib -h -s, ẹ gbé e sókè sínú fọ́dà kejì pẹ̀lú Index:1, ẹ fi dráífà sí i, ẹ tì í pẹ̀lú /Commit, kí ẹ tó wá ti install.wim fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá fò ó, ọjọ́ tí Windows bá ṣàìsàn ni kíbọ́ọ̀dù á tún kú mọ́ yín lọ́wọ́, ọjọ́ tí ẹ nílò rẹ̀ jù lọ.

Ẹni tó ń lo 64-bit ní ohun kan láti fi kún un: àtúnṣe Microsoft méjì, KB4490628 kọ́kọ́, lẹ́yìn náà KB4474419, pẹ̀lú dism /Add-Package. Àwọn méjèèjì ló ń kọ́ Windows 7 láti mọ àmì ìfọwọ́sí SHA-2 tó wà lára àwọn dráífà tuntun. Láìsí wọn, dráífà á wọlé tán, ẹ ó sì rí Code 52 nínú Device Manager, pé Windows kò lè jẹ́rìí sí ìfọwọ́sí rẹ̀. Windows 7 32-bit kò fi dandan lé ìfọwọ́sí yìí. Ìkìlọ̀ pupa nìkan ló máa gbé jáde, ẹ ó sì yan "Install this driver software anyway". Bí díìsìkì yín bá jẹ́ NVMe, irú SSD tí kì í gba SATA, KB2990941 àti KB3087873 ló ń fún Windows 7 ní dráífà rẹ̀. SATA ni ti ẹ̀rọ yìí, nítorí náà kò kàn wá.

Ẹ má ṣe iṣẹ́ /Commit yìí lórí iná tó lè lọ nígbàkigbà. Bí iná bá lọ lójijì nígbà tí dism ń kọ fáìlì padà, wim náà lè bàjẹ́ kó sì dà bí ẹni pé ó dára. Kọ̀ǹpútà alágbèéká tí bátìrì rẹ̀ kún ló yẹ ní lílò, tàbí èyí tó wà lórí UPS. Bí ó bá ṣẹlẹ̀, dism /Cleanup-Wim ni kí ẹ fi palẹ̀ mọ́, kí ẹ sì tún da wim tuntun láti orí àwo. Ẹ má gbìyànjú láti tún èyí tó bàjẹ́ ṣe.

Ètò Rufus ló kọ fláàṣì náà: partition scheme MBR, target system BIOS, FAT32. Lẹ́yìn tó parí, wọ́n fi boot.wim àti install.wim tuntun rọ́pò àwọn ti inú fọ́dà sources. FAT32 kì í gba fáìlì tó ju 4 GB lọ, install.wim 32-bit kò dé ibẹ̀.

Ìgbéwọlé

Lọ́tẹ̀ yìí, máòsì USB rìn láti ojú àkọ́kọ́. Ìdíwọ́ kan ṣoṣo tó kù ni pé GPT, ọ̀nà tuntun tí a fi ń pín díìsìkì (MBR ni ti àtijọ́), ni Windows 10 fi pín SSD náà, Windows tó bẹ̀rẹ̀ láti Legacy kò sì lè wọ díìsìkì GPT. Shift+F10 lẹ́ẹ̀kan sí i:

diskpart
list disk
select disk 0
clean
convert mbr
exit

Clean ń nu gbogbo ohun tó wà lórí díìsìkì láìbéèrè lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ fi títóbi rẹ̀ mọ̀ ọ́n nínú list disk kí ẹ tó yan nọ́ńbà, torí fláàṣì náà ti wà nínú àkójọ náà báyìí. Lẹ́yìn èyí, ẹ tẹ Refresh, ẹ tẹ Next. Ìyókù rìn bó ṣe yẹ.

Àwọn àmì ofeefee

Nínú Device Manager, àwọn ohun tó ní àmì ofeefee lára ni Ethernet Controller, SM Bus Controller, PCI Simple Communications Controller àti ohùn. Àwòrán wà lórí Standard VGA Graphics Adapter, gbogbo fèrèsé sì ń wọ́ bí ẹ bá fà á.

Ẹ má gbé dráífà kan wọlé nípa orúkọ tí Device Manager fi pè é. Ẹ tẹ ohun náà, ẹ lọ sí Properties, Details, kí ẹ yan Hardware Ids. VEN ni iléeṣẹ́, DEV ni ohun náà gan-an. 8086 ni Intel, 10EC ni Realtek, 14E4 ni Broadcom, 168C ni Qualcomm Atheros. Lórí ẹ̀rọ yìí:

PCI\VEN_10EC&DEV_8168: nẹ́tíwọ́ọ̀kì Realtek
PCI\VEN_8086&DEV_A123: SMBus
PCI\VEN_8086&DEV_A13A: Management Engine
PCI\VEN_8086&DEV_1912: àwòrán HD Graphics 530

xHCI fúnra rẹ̀, PCI\VEN_8086&DEV_A12F, ti wọlé láti inú install.wim, àmì ofeefee kò sí lára rẹ̀.

Àwọn àkójọ dráífà ńlá tó ń ṣèlérí pé àwọn á gbé gbogbo rẹ̀ wọlé lẹ́ẹ̀kan kò yẹ fún irú iṣẹ́ yìí. Wọ́n máa ń fi ẹ̀dà tó sún mọ́ ọn rọ́pò èyí tó bá a mu, wọ́n sì ń kó ètò tí ẹnikẹ́ni kò béèrè wọlé. Nọ́ńbà mẹ́rin òkè yìí tó láti mú ohun tó péye wá láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ṣe é.

Chipset ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Dráífà SMBus kò ní .sys kankan nínú. INF lásán ni, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti sọ fún Windows ohun tí ohun náà ń jẹ́. Ó dà bí ohun tí kò ṣe pàtàkì, àmọ́ bí ẹ kò bá ṣe é, àmì ofeefee kò ní kúrò. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwòrán. Bí ètò ìgbéwọlé Intel bá sọ pé "This computer does not meet the minimum requirements for installing the software", ẹ wo bóyá 64-bit ni ẹ mú sórí 32-bit, tàbí ti Windows 10. Management Engine máa ń kọ̀ lórí Windows 7 bí KB2685811 kò bá sí níbẹ̀, torí ó nílò KMDF 1.11, apá Windows tí dráífà rẹ̀ gbé ara lé, tí SP1 kò ní. Ẹ fi KB náà wọlé, ẹ tún ẹ̀rọ tàn, kí ẹ tó padà sí i. Ohùn Realtek kò fa wàhálà kankan.

RAM yóò fi hàn pé 8 GB wà, ṣùgbọ́n 32-bit kò ní lè lo ju mẹ́ta àti díẹ̀ lọ nínú rẹ̀. Kì í ṣe àìsàn. Ẹ má ra RAM kún un.

Plotter

Ojú Serial, ihò ìsopọ̀ àtijọ́, ni plotter ń lò, kọ̀ǹpútà kò sì ní ojú Serial lẹ́yìn. Wáyà USB-sí-Serial tí wọ́n ti ń lò tẹ́lẹ̀ jẹ́ VID_067B&PID_2303, ìyẹn ti iléeṣẹ́ Prolific, àwọn ayédèrú rẹ̀ sì pọ̀ lọ́jà. Dráífà tuntun rẹ̀ ń dá ayédèrú àti àwọn tó ti dàgbà mọ̀, ó sì ń fi Code 10 tì wọ́n síta. Dráífà àtijọ́ lè gbà á, ṣùgbọ́n kò bójú mu kí iṣẹ́ òòjọ́ ènìyàn dúró lórí irú wáyà bẹ́ẹ̀. Wọ́n ra èyí tó ní FTDI nínú, VID_0403&PID_6001, ó sì wọlé wẹ́rẹ́.

Windows fún un ní COM7. Ètò agésítíkà kò mọ̀ ju COM1 sí COM4 lọ. Nínú Device Manager, Port Settings, Advanced, wọ́n yí i sí COM3. Wọ́n gbé ètò náà wọlé kí wọ́n tó ki dọ́ńgù bọ ihò. Bí dọ́ńgù bá kọ́kọ́ wọlé, Windows á wá dráífà tirẹ̀ fún un, á sì pè é ní Unknown device.

Plotter gé orúkọ kékeré dáadáa. Nígbà tí wọ́n fún un ní sítíkà gígùn, ó dé àárín, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìlà kiri bó ṣe wù ú. Dráífà kọ́ ló fa èyí. Ìrántí inú plotter kéré. Bó bá kún, ó ń sọ fún kọ̀ǹpútà pé kó dúró. Kọ̀ǹpútà wà lórí Flow control None, kò gbọ́, ó ń da ọ̀rọ̀ sílẹ̀, ohun tó sì dà nù kò padà mọ́. Wọ́n fi ìhà méjèèjì sí 9600 (ìyára), 8 (data bits), None (parity), 1 (stop bits), Hardware (flow control). Ẹ rí i dájú pé wáyà tó wà láàrin adapter àti plotter ní okùn RTS àti CTS, tí Hardware ń lò láti sọ pé kí ọ̀rọ̀ dúró, nínú. Wáyà olókùn mẹ́ta kò lè ṣe Hardware, XON/XOFF ni kí ẹ lò fún un.

Bí kọ̀ǹpútà bá sùn tó sì jí, dọ́ńgù máa ń sọnù, ètò á sì ti ara rẹ̀. Nínú Power Options, sleep di Never, USB selective suspend di Disabled.

Ìpamọ́

Láti ọjọ́ 14 oṣù kìíní ọdún 2020 ni Microsoft ti dáwọ́ àtúnṣe ààbò dúró fún Windows 7. Wọ́n lo nẹ́tíwọ́ọ̀kì láti fi kọ́ọ̀dù rẹ̀ múlẹ̀, wọ́n sì sọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà di Disabled nínú Device Manager. Orí kọ̀ǹpútà mìíràn ni wọ́n ti ń gba iṣẹ́ oníbàárà lórí WhatsApp, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò fún kòkòrò, kó tó gba orí fláàṣì wá. Ẹ̀rọ yìí kò ní iṣẹ́ mìíràn ju gígé lọ, bó sì ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ dúró, wọ́n lo "Create a system image" inú Backup and Restore sórí háàdì díìsìkì àjèjì. Ẹ má fi àwo àtijọ́ dá irú àwòrán yìí padà: ojú àtúnṣe inú rẹ̀ kò mọ xHCI, kò sì ní rí háàdì díìsìkì náà. Fláàṣì tí a fi dráífà sí ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kí ẹ yan "Repair your computer". Wọ́n kọ "Windows 7 32-bit, H110, USB3 wà nínú" sí ara rẹ̀, wọ́n sì so ó mọ́ inú àpótí kọ̀ǹpútà.

Fún ẹni tó ṣì ń lọ ra tòkúnbọ̀ fún irú iṣẹ́ yìí, ní Taiwo ni o, ní Ọ̀fà tàbí ní Òmù-Àrán: ẹ wo nọ́ńbà tó tẹ̀ lé i5. Bí 4 bá ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, irú i5-4570, EHCI ṣì wà nínú rẹ̀, ìdá tó pọ̀ jù nínú wàhálà òkè yìí kò ní sí. Bí 6 bá ni, ọ̀nà tí a tọ̀ yìí ni ẹ ó tọ̀. Bí 7 bá ni, irú i5-7500, Intel kò ṣètìlẹ́yìn fún HD Graphics 630 inú rẹ̀ lórí Windows 7. Ẹ fi sílẹ̀ fún ẹlòmíràn.